Ṣé o mọ̀? Ìdọ̀bálẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbọn yíyìn

Bí a bá dárúkọ ìbọn létí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ adigunjalè, tàbí ogun, tàbí ọdẹ inú ìgbẹ́ nílé. Kò ní rántí pé ilé gígùn tí kò ní fèrèsé, tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn àdúgbò rẹ̀, lè jẹ́ ilé ẹgbẹ́ ayìnbọn, níbi tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ti ń pàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti yìnbọn lu bébà. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ẹni tuntun kò ṣàjèjì sí ilé tí wọ́n ti tọ́ wa. Ó yá, fetí sílẹ̀.

LẸ́NU Ọ̀NÀ

Ṣé o mọ̀ pé o kò nílò ìwé àṣẹ ìbọn kí o tó darapọ̀? Òfin ìbọn ọdún 1968, pẹ̀lú àtúnṣe ọdún 1988, gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lo ìbọn ẹgbẹ́ fún yíyìnbọn sójú àmì, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ kankan. Ìbọn kò ní bá ọ délé o. Ibẹ̀ lo ti máa bá a, ibẹ̀ lo sì máa fi í sílẹ̀ sí.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà gan-an ló ń gba àṣẹ? Iléeṣẹ́ Home Office ló ń fọwọ́ sí i, ọdún 6 ni àṣẹ náà sì ń lò kí wọ́n tó tún un gbà. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọmọ ẹgbẹ́ 10 àti ìwé òfin tirẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa ṣe alárinà láàrin ẹgbẹ́ àti ọlọ́pàá.

Ṣé o mọ̀ pé o lè lọ wò ó kí o tó pinnu? Ẹgbẹ́ lè gba àlejò, ṣùgbọ́n ọjọ́ àlejò kò gbọ́dọ̀ ju 12 lọ lọ́dún. Wọ́n á ti sọ fún ọlọ́pàá ní wákàtí 48 ṣáájú. Nígbà tí o bá sì wà lórí ẹní láti yìnbọn, ẹnì kan ni yóò dúró tì ọ́, ìwọ nìkan ni yóò máa ṣọ́. Kì í ṣe àlejò méjì sí olùṣọ́ kan.

Ṣé o mọ̀ pé o máa kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé kí ọwọ́ rẹ tó kan ìbọn? Ìwé náà ń bèèrè bóyá òfin ti dè ọ́. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ jẹ́ láti oṣù 3 títí dé ìsàlẹ̀ ọdún 3 yóò dúró ọdún 5 lẹ́yìn tó bá jáde. Má fi irọ́ buwọ́ lù ú, nítorí ẹgbẹ́ á fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ṣé o mọ̀ pé oṣù 3 ni ìdánwò rẹ, ó kéré tán? Láàrin oṣù wọ̀nyí, o gbọ́dọ̀ máa wá déédéé, kí o máa yìnbọn déédéé, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí a ṣe ń di ìbọn mú láìsí ewu. Ẹni tó bá san owó tán, tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó pòórá, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nílé, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọdẹ kì í kọ́kọ́ gbé ìbọn. Àpò ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń gbé. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀gá, ó ń wo ojú ọ̀gá, ó sì ń kọ́ ìgbà tí ọ̀gá kì í yìnbọn.

Ṣé o mọ̀ pé ìwà wà nínú òfin náà? Ìjọba sọ ọ́ ní gbangba pé oníwà rere ni kí ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́. Wọn kò ní kí o ní ojú bíi ti àṣá. Wọn kò béèrè ọjọ́ orí rẹ bí ẹni tó fẹ́ sáré. Bí o ṣe ń gbọ́rọ̀, bí o ṣe ń dúró de ẹlòmíràn, bí inú rẹ ṣe ń rí nígbà tí ọta bá gba ibi tí kò dára lọ: ìyẹn ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò máa wò fún oṣù mẹ́ta. Ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn, bí a ti máa ń wí.

Ṣé o mọ̀ pé o kò ní ra nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ìbọn, ẹní, ìbọ̀wọ́ àti kóòtù líle tí ẹni tuntun lè yá lò níbẹ̀. Wọ aṣọ tó bá ọ lára mu àti bàtà tó tẹ́. Fi owó rẹ sápò ná, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mọ ohun tí o fẹ́.

ÒFIN TÍ OMIJÉ KỌ

Ṣé o mọ ìdí tí òfin ilẹ̀ yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dunblane, ní ilẹ̀ Scotland. Ó fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọdé 16 àti olùkọ́ wọn kan. Àwọn ìbọn tó gbé wá, ìwé àṣẹ ló fi ní wọn. Àwọn òbí ìlú náà kò dákẹ́. Wọ́n kó ìwé ẹ̀bẹ̀ jọ, wọ́n rìn, wọ́n sọ̀rọ̀, títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ṣe òfin méjì ní ọdún 1997 tó fòpin sí níní ọ̀pọ̀ jùlọ ìbọn ìléwọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Scotland.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí o kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí o bá wá, kí o kọ irú ìbọn tí o lò, má ṣe bínú. Bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ bá fi oṣù 12 ṣàìyọjú sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá. Ọmọ 16 ló wà lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn afẹ́fẹ́ wà fún ẹni tó bá wù láti fi ọwọ́ kan yìn? Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rẹ̀ ló ń ti ọta jáde, kò sí ẹ̀tù níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, èyí tí agbára rẹ̀ kò bá ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ. Ní Scotland, ó nílò rẹ̀ láti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 2016. Bí o bá ń kó láti London lọ sí Glasgow, rántí èyí.

ẸNU ÌBỌN

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ti sọ òfin àkọ́kọ́ inú ẹgbẹ́ ayìnbọn tipẹ́tipẹ́? Wọ́n ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní í jẹ́ kí á kọjú ìbọn kọ òun? Apátí ni irin tí ìka ń fà. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà pátápátá. Nínú ẹgbẹ́, a kì í ṣàlàyé pé ìbọn ṣófo. Ṣófo tàbí kíkún, iwájú, níbi tí àmì wà, nìkan ni ẹnu rẹ̀ máa ń kọ sí. Ẹni tó bá gbé ìbọn yípo láti fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu gbogbo ilé.

Ṣé o mọ̀ pé ìka rẹ kò gbọ́dọ̀ kan apátí títí ojú rẹ yóò fi wà lórí àmì? Ẹ̀gbẹ́ ni ìka ń dúró sí, ó nà gbọnrangandan.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tuntun jùlọ lè dá gbogbo ilé dúró? Ọ̀gá pápá ló ń pàṣẹ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a ó parí, bí Olúọdẹ láàrin àwọn ọdẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rí ewu, ìbáà jẹ́ ẹni tó dé lánàá, ó ní ẹ̀tọ́ láti kígbe pé "Stop!" Gbogbo ìbọn á sì dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Níbí, ọmọdé lè fa àgbà láṣọ, kò sì sí àgbà tó máa bínú.

Ṣé o mọ̀ pé ọta kékeré tí a ń pè ní .22, tí kò wúwo ju gíráàmù 2.6 lọ, lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá títí dé nǹkan bíi kílómítà kan àti ààbọ̀? Nítorí ẹ̀ ni ògiri tàbí òkìtì iyanrìn fi wà lẹ́yìn àmì. Kò sí ọta tó kéré.

Ṣé o mọ̀ pé àsíá pupa tàbí aláwọ̀ ewé kékeré kan ni wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn ìbọn lẹ́yìn yíyìn? Ẹni tó wà lókèèrè á rí i, á mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí iwájú láti mú bébà rẹ̀ títí gbogbo ìbọn yóò fi wà nílẹ̀, tí ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọta? Òjé kò dára nínú. A kì í jẹun níbi tí a ti ń yìnbọn, a sì ń fi ọṣẹ fọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun: níbí, òwe náà ti di òfin ìlera.

Ṣé o mọ̀ pé ariwo ìbọn kékeré nínú ilé lè ba etí jẹ́ títí láé? Má ṣe yọ ìbòtí rẹ nítorí pé ẹlòmíràn yọ tirẹ̀.

ARA, ÈÉMÍ ÀTI OJÚ

Ṣé o mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń yìnbọn gígùn nínú ìdíje: ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ àti ìdúró. Ìdọ̀bálẹ̀ ló rọrùn jùlọ, nítorí ilẹ̀ ló gbé gbogbo ara. Ìdúró ló le jùlọ, òun ni wọ́n sì ń fi sí ẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ronú lórí ètò yìí, ó yà mí lẹ́nu bó ṣe bá tiwa mu. Ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ni àgbà á ní kí wọ́n dìde. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ sún mọ́ ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi dúró?

Ṣé o mọ̀ pé egungun ló yẹ kó gbé ìbọn, kì í ṣe iṣan? Iṣan ń rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Àwọn tó bá dọ̀bálẹ̀ máa ń so ọ̀já kan láti apá wọn mọ́ ìbọn. Ọ̀já náà ló ń di ẹrù mú, tí apá á fi sinmi. Bí o bá rí i pé o ń fi agbára di ìbọn mú, nǹkan kan kò tíì dára nínú bí o ṣe dùbúlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ojú dídì ni a fi ń mọ̀ bóyá ara dúró dáadáa? Gbé ìbọn sí àmì. Di ojú rẹ. Mí sínú, mí síta, jẹ́ kí ara rọ̀. La ojú. Bí ìbọn bá ti kúrò lórí àmì, má ṣe fi ọwọ́ tì í padà. Ìdí rẹ, ìgúnpá rẹ, gbogbo ara rẹ ni kí o sún, títí ìbọn yóò fi bá àmì pàdé fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àárín èémí méjì ni ọta ń jáde? Lẹ́yìn tí a bá mí síta, ara máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún fà sínú. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré ni. Bí o bá pẹ́ níbẹ̀ jù, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbé e kalẹ̀, mí, tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Ṣé o mọ̀ pé lílù ọkàn rẹ máa ń hàn lẹ́nu ìbọn? O máa rí i tó ń fò díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìlù àyà rẹ. Nítorí èyí ni àwọn oògùn tó ń mú ọkàn lù jẹ́jẹ́ fi jẹ́ èèwọ̀ nínú eré yìí. Ní Òlíńpíìkì Beijing ọdún 2008, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà àti idẹ kúrò lọ́wọ́ ayìnbọn kan nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nínú eré mìíràn, agbára ni wọ́n ń jí. Níbí, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé àmì kọ́ ló yẹ kí ojú rẹ rí kedere? Ojú ènìyàn kò lè rí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lókèèrè kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùka kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn ni kí o tẹjú mọ́, jẹ́ kí àmì dúdú ṣú díẹ̀ láàrin rẹ̀. Ẹni tuntun kì í fẹ́ gba èyí gbọ́, nítorí àmì ló ń wù ú.

Ṣé o mọ̀ pé ojú kan máa ń jẹ́ ọ̀gá fún èkejì? Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré kan, na apá, wo nǹkan kan lókèèrè gba inú rẹ̀. Di ojú òsì, kí o tún di ti ọ̀tún. Ojú tó ṣì ń rí nǹkan náà ni ọ̀gá. Bó bá jẹ́ ti òsì, olùkọ́ lè ní kí o gbé ìbọn sí èjìká òsì. Mo mọ̀ pé nílé, wọ́n lu ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ nítorí ọwọ́ òsì. Lórí ẹní yìí, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ìbọn fún alòsì.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìdíje àgbáyé, apátí ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè gbé gíráàmù 500, ó kéré tán, kó tó jábọ́? Ìyẹn tó ìwúwo omi inú ike 50cl kan. Ìka kan ló sì gbọ́dọ̀ fà á láìjẹ́ kí ọwọ́ yòókù mọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Olùkọ́ tó ń sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé òwe wa ló ń pa.

Ṣé o mọ̀ pé ọta ń yí bí òkòtó? Inú ọ̀pá ìbọn ní ilà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ilà yìí ló ń mú ọta yí, kí ó lè lọ tààrà. Ọta .22 máa ń yí nǹkan bí ìgbà 800 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa kò ní ilà yìí, inú tirẹ̀ ń dán. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi gbọ́dọ̀ yọ́ sún mọ́ ẹran tímọ́tímọ́.

BÉBÀ

Ṣé o mọ̀ pé bébà kan ṣoṣo lè jẹ́ odindi ìdíje? Nínú ilé ẹgbẹ́, yáàdì 25 ni àmì sábà máa ń jìnnà sí ọ, nǹkan bíi mítà 23. Orí káàdì kan ní àmì dúdú 10. Ọta kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Ọta náà ń dé ibẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àárín àmì ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn, èyí tí wọ́n ń yìn láti mítà 10, kò fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ? Wo àmì ìdánudúró tó wà níparí gbólóhùn yìí.

Ṣé o mọ̀ pé 10 kọ́ ni òpin? Ẹ̀rọ ń pín 10 sí wẹ́wẹ́, 10.9 ló ga jùlọ. Ọta 60 lè fún ni ní 654.0.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gá náà lè yìn lu àmì aládùúgbò? Ní Òlíńpíìkì Athens ọdún 2004, Matt Emmons ará Amẹ́ríkà ló wà níwájú, ọta kan ló kù kí wúrà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó yìn ín dáadáa, àmọ́ àmì ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bà. Òdo ni wọ́n fún un, ó sì já sí ipò kẹjọ. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Kateřina Kůrková, ayìnbọn ọmọ Czech, wá kí i kú ìrọ́jú. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Nítorí náà, wo nọ́ńbà àmì rẹ kí o tó yìn. Bí o bá sì ṣì í, má sọkún.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ méjì lè díje láìfojú kan ara wọn? Ìdíje orí ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́. O dọ̀bálẹ̀ sínú ilé ẹgbẹ́ tirẹ, o yìn káàdì rẹ, ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, a fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò ka máàkì. Alátakò rẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí o kò dé rí. Ìwọ̀n máàkì ẹni ni wọ́n sì fi ń pín àwọn olùdíje sí ìpele, kí ẹni tuntun lè bá ẹni tuntun díje. Ìdíje yìí dúró lórí ìgbẹ́kẹ̀lé: o gbà pé ẹni tí o kò mọ̀ kò rẹ́ ọ jẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n lọ.

ÀWỌN TÓ TI WÀ LÓRÍ ẸNÍ

Ṣé o mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n dá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ fún? Ní ọdún 1901, nígbà tí ogun Boer ṣì ń jà ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dá Society of Working Men's Rifle Clubs sílẹ̀. Lord Roberts, ọ̀gágun, ló ń pariwo pé kí ará ìlú kọ́ ìbọn. Ogun ló bí i, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ohun tó ṣẹ́kù lónìí ni alẹ́ ọjọ́rú, tíì gbígbóná àti bébà. Orúkọ ẹgbẹ́ náà nísinsìnyí ni National Small-bore Rifle Association.

Ṣé o mọ̀ pé ọbabìnrin ló yìn ọta àkọ́kọ́? Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1860, ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria fa okùn tí wọ́n so mọ́ ìbọn tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀, láti fi ṣí ìdíje àkọ́kọ́ ti National Rifle Association. Ní ọdún 1890, ìdíje náà kó lọ sí Bisley, ní Surrey. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin gba ife-ẹ̀yẹ Ọba ní Bisley ní ọdún 1930? Marjorie Foster lorúkọ rẹ̀. Kò sí obìnrin tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1992, ní Òlíńpíìkì Barcelona, Zhang Shan ti ilẹ̀ Ṣáínà tún borí tọkùnrin tobìnrin nínú yíyìn abọ́ amọ̀ tí wọ́n jù sókè. Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò wa obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tọkùnrin ni.

Ṣé o mọ̀ pé Oscar Swahn ará Sweden gba wúrà Òlíńpíìkì ní ẹni ọdún 64, ní ọdún 1912, ó sì gba fàdákà ní ẹni ọdún 72, ní ọdún 1920?

Ṣé o mọ̀ pé Ban Hyo-jin ti Gúúsù Kòríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìbọn ní ọdún 2021? Ní Paris ọdún 2024, ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó sì gba wúrà. Máàkì òun àti alátakò rẹ̀ dọ́gba, wọ́n tún yìn ọta kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì ló fi borí.

Ṣé o mọ̀ pé Károly Takács ará Hungary pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń yìnbọn ní ọdún 1938, nígbà tí àdó olóró bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́? Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gba wúrà ní London ọdún 1948, ó tún gbà á ní ọdún 1952. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá gbà láti tún di ẹni tuntun. Rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí káàdì rẹ bá rí wúruwùru.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí apá rẹ̀ kò lè gbé ìbọn ń díje nínú Paralympics? Ìdúró onírin ló ń bá a gbé ìwúwo rẹ̀, òun ló ń wò, òun ló ń fa apátí. Afọ́jú náà ń yìn: ohùn ẹ̀rọ kan ni yóò máa gbọ́ létí, bó ṣe ń sún mọ́ àárín àmì ni ohùn náà ń ròkè. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn ìsàlẹ̀ àti òkè, ó yẹ kí èyí yé wa kíákíá.

Ṣé o mọ̀ pé Woolwich ni wọ́n ti yìnbọn Òlíńpíìkì ọdún 2012? Àdúgbò tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ra iṣu àti elùbọ́, tí a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Peter Wilson ti gba wúrà fún Great Britain.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn òyìnbó kan ṣì ń rọ ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá kì í, bí ọdẹ wa ti ń ṣe? Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, Muzzle Loaders Association of Great Britain. Ọmọ ọdẹ tó bá débẹ̀, òórùn ẹ̀tù náà á mú un rántí ilé.

LẸ́YÌN OṢÙ MẸ́TA

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí o ní ìbọn tìrẹ láéláé? Bó bá wù ọ́, ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Wọ́n á wá sílé rẹ, wọ́n á wo àpótí irin tí o fẹ́ máa tì í sí, wọ́n á bèèrè ọ̀rọ̀ ìlera rẹ lọ́wọ́ dókítà. Ọdún 5 ni ìwé náà ń lò. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, títí kan iye ọta tí o lè ní.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé náà kò ní agbára kankan nílé? Nàìjíríà ní òfin ìbọn tirẹ̀. Má ṣe kó ọta sínú báàgì. Yẹ àpò kóòtù rẹ wò kí o tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

Èyí tó kẹ́yìn. Ṣé o mọ̀ pé ohun kan wà tí wọ́n máa jẹ́ kí o mú lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Káàdì rẹ ni. Àwọn ihò rẹ̀ á fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà sílẹ̀ fún adìyẹ. Má sọ ọ́ nù. Kọ ọjọ́ sí i, fi sínú ìwé kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbọn ẹgbẹ́ kan náà lo fi yìn méjèèjì, lórí ẹní kan náà. Àwọn ihò tuntun á ti máa wọ́ jọ sáàrin. Fi han àgbà tó dúró tì ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Yóò gbé awò rẹ̀ sójú, yóò wò ó pẹ́, yóò dá a padà fún ọ, yóò sì bi ọ́ pé: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?